Èèkàn Méjì Tó Ṣẹ́kù

Iṣẹ́ àkàbà ni ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́sọ̀ ń ṣe, ó sì ti ń ṣe é láti ọdún mọ́kàndínlógún. Igi ló fi ń kàn án, kì í fi irin ṣe é, kì í sì í gbá ìṣó mọ́ ọn rárá. Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ẹlẹ́sọ̀ ni pé bí oníbàárà bá ti ń kán an lójú, èsì kan ṣoṣo ló ní: ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó sọ ọ́, ó tún un sọ, títí ó fi di orúkọ mọ́ ọn lára. Kódà bí inú bá ń bí ìyàwó rẹ̀, a máa bi í bóyá ẹ̀sọ̀ náà ni yóò bá a san owó ilé ìwé àwọn ọmọ.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Àkàbà kan ní òpó gígùn méjì, ó sì ní ìtẹ̀sẹ̀ méje, ìyẹn àwọn igi tó dábùú tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ gòkè. Orí ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọ inú ihò lára òpó, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹlẹ́sọ̀ á wá gbá èèkàn igi kékeré kan wọlé níbẹ̀, kí ìtẹ̀sẹ̀ má baà yí, kó má baà yọ. Èèkàn méjì fún ìtẹ̀sẹ̀ kan, mẹ́rìnlá fún odidi àkàbà. Kó tó bẹ̀rẹ̀, á ka èèkàn mẹ́rìnlá sínú àpò iwájú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí àpò bá ti ṣófo, àkàbà parí. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, a jẹ́ pé ihò kan wà níbì kan tí kò ní nǹkan nínú. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló kọ́ ọ ní ọgbọ́n yìí, ó ní àpò kì í purọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Ẹlẹ́sọ̀ jókòó nídìí tábìlì, ó ń mu tíì nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ìyàwó rẹ̀ lọ̀ fún un. Aago mẹ́wàá ni wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ igi. Iṣẹ́ olówó oṣù ni, owó ìfẹ̀yìntì sì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ akọ̀wé níbẹ̀, ló dárúkọ rẹ̀ fún wọn, tó sì fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún un. Ẹlẹ́sọ̀ ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ kì í jẹ́ kó sùn dáadáa mọ́. Àkàbà onírin fífúyẹ́ ti gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn ọmọdé pàápàá lè gbé e lọ́wọ́ kan. Ìyàwó rẹ̀, tó ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn, ti ń ṣe àfikún iṣẹ́ láti ọdún méjì kí ilé má baà dojú dé. Wọ́n nílò iṣẹ́ yìí, a kò ní bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà.

Ìyàwó rẹ̀ mú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó fẹ́ rẹ ẹ́ sínú omi. Lánàá, ayọ̀ kò jẹ́ kí Ẹlẹ́sọ̀ rántí bọ́ ọ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó wọ̀ ọ́ rìn délé bí ẹni wọ agbádá, obìnrin náà sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹni tó ń fọṣọ fún ilé ìwòsàn kì í ki aṣọ bọ omi láìtú àpò rẹ̀ wò. Ó ki ọwọ́ bọ àpò iwájú, ó mú nǹkan méjì jáde, ó kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì. Ó ní kí ọkọ òun kó ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́nà.

Èèkàn méjì ni.

Ẹlẹ́sọ̀ wò wọ́n. Ó kọ́kọ́ wò wọ́n bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí, lẹ́yìn náà ni ó rántí àkàbà àná. Ó gbé ife sílẹ̀, ó sì kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá kò ju ayọ̀ lọ. Àkàbà mẹ́ta ni àwọn oníbàárà ń bọ̀ wá gbé. Méjì ti parí, ó ku ẹ̀kẹta. Agolo tó ń kó èèkàn sí ti ṣófo, nítorí náà ó jókòó, ó gbẹ́ mẹ́rìnlá géérégé, ó kà wọ́n sápò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá wọn wọlé láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó ku ìtẹ̀sẹ̀ òkè pátápátá nígbà tí fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni, ó ní wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn mẹ́rin tí wọ́n fẹ́ rí, kí ó wá lọ́la. Àwọn àgbà ti sọ pé ayọ̀, abara tín-ín-tín. Ẹlẹ́sọ̀ bọ́ síta, ó lọ sọ fún aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Aránṣọ bá a yọ̀, ó jó, òun náà jó, wọ́n fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó padà wọlé, ó nu àkàbà náà dán, ó sì gbé e ti àwọn méjì yòókù. Kí ó tó di pé ó ti ilẹ̀kùn, àwọn tó ni wọ́n ti dé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti gbé wọn lọ, kò sì kíyè sí ẹni tó gbé èwo.

Nítorí náà, àkàbà kan ń bẹ nígboro tí ìtẹ̀sẹ̀ òkè rẹ̀ kò ní èèkàn kankan. Yóò dúró bí ẹni tó pé, títí ẹni kan yóò fi gun òkè dé orí rẹ̀. Nígbà náà ni yóò yí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹlẹ́sọ̀ rí ẹni náà lójú inú rẹ̀ tó ń ṣubú, kò sì mọ ojú ta ni kó fi sí i.

Ó ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ ọ dé òpin, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ má fi ojú burúkú wò ó. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára aṣọ àwọn aláìsàn fún ọdún mẹ́sàn-án mọ ohun tí ìṣubú jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti ka oṣù, ó ti ka ọdún, ọwọ́ rẹ̀ sì ti bó.

“Ẹ lọ jókòó níwájú wọn ná,” ló wí. “Tó bá di ọ̀sán, ẹ wá àkàbà yín kiri dé ibi tó bá wù yín. Ta ló fẹ́ jábọ́ láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán?”

Ẹlẹ́sọ̀ mọ̀ pé àárọ̀ gan-an ni àwọn èèyàn ń gun àkàbà, kí oòrùn tó mú. Ìyàwó rẹ̀ gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, aago iṣẹ́ ti ń lé e. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó ní kó rántí pé ẹ̀gbọ́n òun ló fi orúkọ rẹ̀ dúró o.

Ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀, ojú ọ̀nà méjì ni. Ọkọ̀ apá òsì ń lọ sí ìhà ilé ẹ̀kọ́, ti apá ọ̀tún ń lọ sí àárín ìlú. Ẹlẹ́sọ̀ dúró sáàárín bí òpó iná. Ó jẹ́ kí ọkọ̀ apá òsì méjì kọjá, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀kẹta lòun yóò wọ̀. Nínú àwọn mẹ́ta tó ra àkàbà, ẹni kan ṣoṣo ló mọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ iná ni. Ó pè é. Ìtìjú mú un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀rọ̀ po: ṣé àlàáfíà ni, ṣé àkàbà náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, òun kàn ní kóun kí i ni. Oníná rẹ́rìn-ín, ó ní orí rẹ̀ gan-an lòun wà yìí, òun ń so wáyà mọ́ àjà.

“Sọ̀kalẹ̀,” ni Ẹlẹ́sọ̀ wí. “Jọ̀ọ́, rọra sọ̀kalẹ̀, kó o wá bá mi wo ìtẹ̀sẹ̀ òkè.”

Ẹlẹ́sọ̀ gbọ́ ìró bàtà tó ń sọ̀ lórí igi, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, ó sì ka gbogbo rẹ̀ láìmọ̀ pé òun ń kà á. Oníná padà sórí fóònù, ó ní èèkàn wà lọ́tùn-ún, èèkàn wà lósì, kí ló ṣẹlẹ̀, ọ̀gá? Ẹlẹ́sọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa fóònù. Ara rẹ̀ fúyẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ni ó rí i pé ohun tó ṣẹlẹ̀ kò dín ẹ̀rù kù. Tẹ́lẹ̀, ó ṣe é ṣe kó jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta. Báyìí, ó ti di ọ̀kan nínú méjì. Ó wọ ọkọ̀ apá ọ̀tún.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ kì í jókòó sínú ọkọ̀ bí ènìyàn gidi. Ẹlẹ́sọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun gbogbo tó yí i ká. Ó wo ìjókòó tó jókòó lé, ó ronú nípa ẹni tó dè é mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Ó ronú nípa ẹni tó ṣe bíréèkì, bóyá ẹnì kan ti pè é lórí fóònù lọ́jọ́ tó ń ṣe é, tó sì bọ́ síta lọ jó. Ó wo afárá tí wọ́n ń gùn lọ. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti ń gbé orí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí kò mọ̀, kò sì bẹ̀rù rí, àfi òní tó mọ bí ó ṣe rọrùn tó láti nu nǹkan dán kí a sì pè é ní ó parí. Obìnrin tó jókòó tì í bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá. Ó ní ara òun yá.

Oníbàárà kejì ni obìnrin kan tó ń ta kọ́tìnnì, tó sì ń lọ fi wọ́n kọ́ fún àwọn tó rà á. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní títì. Ẹni tó wà lódìkejì ní ó ti lọ kọ́ kọ́tìnnì sí gbọ̀ngàn ìpàdé kan, ojú ọ̀nà kẹta sí apá òkè. Ẹlẹ́sọ̀ fẹsẹ̀ rìn ín, ìrìn rẹ̀ sì súnmọ́ sáré. Ó bá obìnrin náà nílẹ̀, ó ń fa okùn kọ́tìnnì láti ìsàlẹ̀, àkàbà sì dúró ti fèrèsé. Ẹlẹ́sọ̀ kí i, kò jókòó, ó gun àkàbà náà tààrà dé òkè, ó fi ìka kan ihò ọ̀tún, ó fi ìka kan ihò òsì. Èèkàn wà nínú méjèèjì. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, òógùn ti bá ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà jẹ́ lábẹ́ apá. Obìnrin náà ní kó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fóun, ó sì sọ ọ́. Obìnrin náà fi okùn kọ́tìnnì sílẹ̀.

“Ẹ̀yin náà kẹ̀?” ló wí.

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló sì mú kó dun Ẹlẹ́sọ̀ dé egungun. Bí obìnrin náà bá bú u ni, ìbá mọ bí yóò ṣe tọrọ àforíjì.

Fóònù rẹ̀ ti ń dún láti ìgbà tó wà lókè. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni. Aago mẹ́wàá ti kọjá. Ọkùnrin náà rọ ohùn sílẹ̀ kí àwọn tó wà ní ọ́fíìsì má baà gbọ́, ó sì bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Ó ní òun ti bẹ àwọn ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n fi í ṣe ẹni tó kẹ́yìn. Wọ́n ń dìde ní aago méjìlá. Bí kò bá dé kí aago méjìlá tó lù, kó má dé mọ́, kó má sì pe òun ní àna rẹ̀ mọ́ láyé. Ẹlẹ́sọ̀ ní òun ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n, òun ń bọ̀, ó sì ń sọ ọ́ bí ó ṣe ń wọ ọkọ̀ tó ń lọ síbòmíràn.

Ó ku àkàbà kan, ọ̀rọ̀ sì ti kúrò ní bóyá. Ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan tó ń kun ilé ló wà. Bàbá Akunlé ti sọ fún un lánàá pé ilé kékeré kan nítòsí ojú irin lòun ń kùn lọ́wọ́. Arúgbó ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Egungun arúgbó tó bá kán kì í tètè jinná. Ní gbogbo ojú ọ̀nà ni Ẹlẹ́sọ̀ ń bẹ Ọlọ́run. Ó kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kí bàbá má tíì dé ibi iṣẹ́. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí bàbá máa kun ìsàlẹ̀ ilé. Nígbà tí ọkọ̀ súnmọ́ ojú irin, ohun tó kàn ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí òun má bá èrò níbẹ̀.

Kò bá èrò. Ó bá Bàbá Akunlé lórí àkàbà, ní orí ìtẹ̀sẹ̀ òkè pátápátá, agolo ọ̀dà kọ́ sí apá rẹ̀, ó ń kun abẹ́ òrùlé, ó ń súfèé. Ẹlẹ́sọ̀ kò lè pariwo, ẹ̀rù ń bà á kí bàbá má baà ta gìrì. Ó di òpó àkàbà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì àti àyà rẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bọ̀ nílẹ̀. Bàbá wo ìsàlẹ̀, ó rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọmọ ogún ọdún. Ẹlẹ́sọ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé nígbà tí bàbá gbọwọ́ sókè.

“Ti òkè yẹn ni o bá wá? Mo ti rí i lánàá. Mo gé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan, mo fi dí ihò méjèèjì. Gùn ún, kó o wò ó.”

Ẹlẹ́sọ̀ gùn ún. Igi ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì wà nínú ihò, ọ̀dà pupa ṣì wà lára ọ̀kan, ó le dáadáa. Nígbà tó padà dé ilẹ̀, ó jókòó lórí agolo ọ̀dà tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé. Kò sẹ́ni tó ṣubú. Aago mọ́kànlá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀. Bí ó bá rí ọkọ̀ kíákíá, yóò bá wọn kí wọ́n tó dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ bàbá, ẹ̀rín sì fẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀. Kó tó dìde, ó béèrè, bí ẹni ń dá àpárá, ohun tó sún bàbá débi tó fi yẹ àkàbà tuntun wò.

“Mo máa ń yẹ tìẹ wò ni,” ni Bàbá Akunlé dáhùn. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ nínú àkísà, kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. “Ìkẹrin tí mo rà lọ́wọ́ ẹ nìyí. Ti àkọ́kọ́, gbogbo ẹ̀ ló pé. Èyí tí mo rà tẹ̀ lé e, ó dín èèkàn kan. Ti ẹ̀kẹta, òun náà dín ọ̀kan. Látìgbà yẹn ni mi ò ti kí ń sọ ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì nù mọ́.”

Ẹlẹ́sọ̀ rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa. “Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, bàbá?”

“Kí n ní kí ni? Ẹlẹ́sọ̀ ni gbogbo ayé ń pè ẹ́. Mo rò ó pé ojú á tì ẹ́. Àti pé ká má parọ́, tìẹ ṣì dáa ju ti àwọn tó kù lọ.”

Bàbá gbé agolo rẹ̀, ó padà sórí iṣẹ́. Ẹlẹ́sọ̀ jókòó síbẹ̀. Kò wá inú lọ jìnnà kó tó rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ní bíi ọdún márùn-ún sẹ́yìn, igi tí wọ́n ń tà fún un bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ jù, èèkàn sì ń là bí ó bá ti lù wọ́n. Kó má baà máa dìde lọ sídìí agolo ṣáá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó mẹ́rìndínlógún sápò, tàbí mẹ́tàdínlógún, tàbí ìwọ̀nba tí ọwọ́ rẹ̀ bá bù. Bí àkàbà bá ti parí lójú rẹ̀, á da èyí tó ṣẹ́kù padà sínú agolo láìwò wọ́n. Ọdún márùn-ún ni èèkàn ti ń ṣẹ́kù sínú àpò náà nígbà gbogbo. Ó ṣì ń fi ọwọ́ kan àpò ní ìparí iṣẹ́ bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ó ṣì ń sọ fún oníbàárà pé òun ní ọgbọ́n tí kì í tàsé. Lánàá nìkan ni agolo ṣófo, tó fi jẹ́ pé iye tó kà sápò jẹ́ iye tó tọ́. Ìyẹn nìkan ló jẹ́ kó mọ̀. Àkàbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, nígbà mìíràn méjì, fún ọdún márùn-ún. Ó gbìyànjú láti ṣírò rẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀ta. Èwo ló pé nínú wọn? Èwo ni kò pé? Ta ló wà lórí rẹ̀ báyìí?

Ó wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà nítorí pé kò mọ ibòmíràn tó lè lọ.

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́fà nígbà tó dé. Àna rẹ̀ fi ojú gé e ní ẹnu ọ̀nà, ó bá a tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe, ó sì tì í wọlé. Ènìyàn mẹ́ta ló jókòó, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà, obìnrin kan tó wọ awò, wà láàárín. Wọ́n bi í ìdí tó fi pẹ́. Ẹlẹ́sọ̀ kò ní agbára láti hun irọ́, ó sọ ti èèkàn méjì náà fún wọn, ó sọ ti oníná àti ti oníkọ́tìnnì àti ti bàbá arúgbó. Ó fẹ́ sọ ti ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ti ń pàtẹ́wọ́. Ó ní irú ènìyàn tí àwọn ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyí, ẹni tó fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí èèkàn méjì. Ẹlẹ́sọ̀ ní kì í ṣe èèkàn méjì nìkan o. Ó sọ ìyókù. Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀gá àgbà bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó ní kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe, ṣé ẹnì kan ti kú ni? Ó ní òun kò gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, kí ọ̀rọ̀ àkàbà wọ̀nyẹn sì mọ sínú yàrá yìí, nítorí orúkọ ilé ẹ̀kọ́.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àna rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó sì sọ ọ́ sí i létí pé ó ti rí i gbà, kó yáa pa ẹnu rẹ̀ dé wàyí. Ohun tó dára ni gbogbo wọn rò fún un. Kò sí ọ̀tá kankan nínú wọn. Ẹlẹ́sọ̀ dúpẹ́ títí, ó jáde sínú ọgbà, ẹ̀rù tó ń bà á sì ti ju ti àárọ̀ lọ, nítorí ó ti rí i wàyí pé kò sí ẹnì kankan tí yóò dá òun dúró bí òun bá pinnu láti gbàgbé.

Ó pe ìyàwó rẹ̀. Ó gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìfọṣọ lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

“Wọ́n gbà mí,” ló wí.

Obìnrin náà bú sẹ́kún ayọ̀, ó sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Ẹlẹ́sọ̀ sì gbọ́ tí wọ́n ń bá a dúpẹ́. Nígbà tó ṣe, ìyàwó rẹ̀ bi í ìdí tí ohùn rẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ní òun kò lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, òun ní láti kọ́kọ́ wá àwọn àkàbà wọ̀nyẹn rí, bí ó bá jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dá ìjà sílẹ̀, ó sì ti múra fún un. Ó dúró de ìjà náà.

“Èyí tí ẹ fún wa níbí ńkọ́?” ni ìyàwó rẹ̀ béèrè.

Ẹlẹ́sọ̀ ti gbàgbé. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó gbé àkàbà kan lọ ta yàrá ìfọṣọ náà lọ́rẹ, kí ìyàwó rẹ̀ má baà máa gun àga kó aṣọ ibùsùn sórí pẹpẹ gíga.

“Ìtẹ̀sẹ̀ karùn-ún máa ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ mi,” ló wí. “Ó ti lé lọ́dún kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo gùn ún láàárọ̀ yìí.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Orúnkún mi ni mo rò pé ó ń yẹ̀,” ni obìnrin náà dáhùn. “Ẹ̀yin lẹ ṣáà kàn án.”

Ẹlẹ́sọ̀ ní kó má gùn ún mọ́, òun ń bọ̀, ó sì ti ń sáré kó tó pa fóònù.